Ìdí tí «àtúnṣe» kò fi bá iteration mu

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a pe iteration, ìyẹn gbígba inú àkójọ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ní «àtúnṣe» ní Yorùbá, torí pé kọ̀ǹpútà ń tún iṣẹ́ kan náà ṣe lórí gbogbo ohun tó wà nínú àkójọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ ká gbà á.

Lójú ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà ní Yorùbá, àtúnṣe ni kí a yí nǹkan padà. Ohun tí kò sì yẹ ká ṣe sí àkójọ tí a ń gba inú rẹ̀ kọjá gan-an nìyẹn. Ní Java, èdè kan tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, bí ẹ bá yọ nǹkan kúrò nínú ArrayList (irú àkójọ kan) lásìkò náà láìgba ọwọ́ Iterator, ìyẹn ohun tó ń mú nǹkan inú àkójọ wá lọ́kọ̀ọ̀kan, àṣìṣe tó ń jẹ́ ConcurrentModificationException ló sábà máa ń yọrí sí. Python, èdè mìíràn bẹ́ẹ̀, kì í tilẹ̀ pariwo bó bá jẹ́ list, irú àkójọ tirẹ̀ kan, ni. Ẹ fún un ní 2, 4, 5, kí ẹ ní kó máa yọ èyí tó bá ṣeé pín sí méjì dọ́gba bó ṣe ń lọ. Yóò yọ 2, 4 á sún wá sí ipò kìíní, Python á sì bọ́ sí ipò kejì, níbi tó ti máa bá 5. Kò ní kan 4 rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti sọ fún pé «àtúnṣe» ló ń ṣe, báwo la ṣe fẹ́ kìlọ̀ fún un pé kó má ṣàtúnṣe?

«Àyípo» náà kò bá iteration mu. Loop, ìyẹn àṣẹ tó ń mú kí iṣẹ́ kan máa wáyé léraléra, ló dára fún, torí irú loop tó ń jẹ́ while lè máa yí po láìsí àkójọ kankan.

Àbá tèmi ni «ìmúkọ̀ọ̀kan». Àwọn kan lè ní «mú» dà bíi mímú kúrò, ṣùgbọ́n bí a bá mú ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò, ibi tó wà náà ló ṣì wà. Iterator á wá di «amúkọ̀ọ̀kan». Iterable, ìyẹn ohun tí a lè gba inú rẹ̀ kọjá bí àkójọ, èyí tí gbogbo wa ti ń pa pọ̀ mọ́ Iterator, á di «alámúkọ̀ọ̀kan»: oní àti amúkọ̀ọ̀kan, bí oní àti aṣọ ṣe di aláṣọ. Ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, torí àkójọ kan lè ní amúkọ̀ọ̀kan méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí kálukú sì máa rántí ibi tó dé. Ní Python, __iter__ ló ń gbé amúkọ̀ọ̀kan jáde, __next__ ló ń mú èyí tó kàn, StopIteration sì ni àmì pé ó tán.

Generator ló kù, ìyẹn ohun kan ní Python tó ń pèsè nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ṣe ń béèrè. Bí a bá pe __iter__ rẹ̀, ara rẹ̀ ló ń dá padà, ìyẹn ni pé alámúkọ̀ọ̀kan ni, amúkọ̀ọ̀kan náà sì ni. Ṣé ká wá orúkọ ọ̀tọ̀ fún un, àbí ká máa lo méjèèjì?