Ta ló ti fi gíá Prius sọ ọkọ̀ epo di ọkọ̀ oníná?
Ẹ̀yin àgbà mẹkáníìkì àti ẹ̀yin onímọ̀ iná mànàmáná, ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Mo fẹ́ yọ ẹ́ńjìnnì Corolla mi kúrò pátápátá, kí n fi gíá àti inverter (ẹ̀rọ tó ń yí iná bátìrì padà sí irú èyí tí mọ́tò iná ń lò) Toyota Prius 2006 (ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná pọ̀) kan tí mo rà ní Ládípọ̀ sọ ọ́ di ọkọ̀ tó ń fi bátìrì nìkan rìn. Mọ́tò iná ńlá tó wà nínú gíá náà jẹ́ 50 kW, ó sì tó fún ìgboro Ìbàdàn. Bátìrì Prius ni kò tó, nítorí agbára inú rẹ̀ kò ju bíi 1.3 kWh lọ; lithium ni mo máa fi rọ́pò rẹ̀.

Ọ́ìlì ló ń kọ mí lóminú jù. Ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì ń yí ló ń yí pọ́ǹpù ọ́ìlì gíá yìí: bí ẹ́ńjìnnì bá ti kúrò, ṣé ọ́ìlì tí eyín gíá ń ta sókè fúnra wọn tó fún ìrìn jíjìn, àbí kí n so mọ́tò iná kékeré mọ́ ọ̀pá náà? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe ń darí inverter láìlo kọ̀ǹpútà Toyota?