Ibi tí wọ́n ti dá wa padà nígbà tá a wá ìrànlọ́wọ́ lọ

Telọ̀ Ìgbọ̀nà:
Alẹ́ tí ọkọ mi la àpótí mọ́ mi lórí, mo pọn ọmọ, mo sáré lọ sí tẹ́ṣàn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Abẹ́ ìwé yẹn gan-an ni ọlọ́pàá ti ń béèrè owó pépà àti owó epo ọkọ̀ tí wọ́n máa fi lọ mú un. Nígbà tó rí i pé mi ò ní, ó ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, kí èmi àtọkọ mi jọ wá láàárọ̀. Ọsibítù tí mo yà sí ní àfi kí n mú ìwé ọlọ́pàá wá. Mo padà sí tẹ́ṣàn, wọ́n ní ìwé dókítà làwọn fẹ́ rí. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ fìlà ọmọ ẹ̀yìn mi. Oníkẹ́míìsì kan ló pàpà bá mi di ojú ọgbẹ́ náà, kí Ọlọ́run ṣàánú fún un.

Ilé bàbá mi l'Òkè-Baalẹ̀, l'Òṣogbo níbí, ni mo sá lọ. Kò pẹ́ tí àwọn mọ̀lẹ́bí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kò sí dálémọsú nídìílé àwọn. Ọkọ mi wá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, ni wọ́n bá di ẹrù mi padà. Mo ti tún jáde báyìí, ṣùgbọ́n maṣíìnì ìránṣọ mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi gba yàrá?

Ìyá Ìbejì, Ayétòrò:
Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ní tèmi, wẹ́fíà, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé, ni mo lọ, wọ́n sì gbọ́ ẹjọ́ mi dáadáa. Ìwé ìpè tí wọ́n kọ ni wọ́n wá ní kí èmi fúnra mi lọ fún ọkọ mi. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ mí léyín! Inú báàgì mi ni ìwé yẹn gbó sí.

Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì:
Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 sọ pé ẹni tó bá lu ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò ju 200,000 náírà lọ, tàbí méjèèjì. Àbújá ni òfin yẹn dé tààrà, àmọ́ Ọ̀ṣun náà ti ṣe tiẹ̀. Ẹ lọ bá Legal Aid Council, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gba ẹjọ́ aláìní rò, tàbí àwọn agbẹjọ́rò obìnrin FIDA, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tí ò ní. Ẹ ya fọ́tò ọgbẹ́ kó tó jiná, kẹ́ ẹ fi í ránṣẹ́ sẹ́ni tẹ́ ẹ fọkàn tán, torí fóònù ni ẹni tó ń lu èèyàn kọ́kọ́ máa ń gbà.

Telọ̀ Ìgbọ̀nà:
Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Ṣé wọ́n lè bá mi gba maṣíìnì mi?

Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì:
Ẹ sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ débẹ̀. Tí rìsíìtì rẹ̀ bá wà, ẹ mú un dání.