PCV wo ni wọ́n kọ fún ọmọ mi?

Ẹ dákun, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ọkàn mi ò balẹ̀. Adó-Èkìtì ni mo wà. Wọ́n fi bírò pupa kọ PCV sẹ́yìn káàdì ọmọ mi tó pé ọ̀sẹ̀ 10, wọ́n fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ká wá lọ́jọ́bọ̀.

Mo mọ PCV tó jẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára òtútù àyà, ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ni wọ́n ń gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lóyún, PCV 27 ni wọ́n kọ fún èmi, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ò tó. (Àbúrò ọkọ mi, mẹkáníìkì, ní PCV wà nínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò náà!)

Ṣé abẹ́rẹ́ ni, àbí wọ́n fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi wò? Báwo lẹ ṣe ń kọ wọ́n kí wọ́n lè yàtọ̀?