Ìjà ìbò tó ya ọ̀rẹ́ àti ìbátan lórí fóònù: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ìyá Tíṣà, Ìbàdàn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún 2023, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan.

Àwa tí a jọ jáde ilé-ìwé gírámà kan níbí ní ẹgbẹ́ lórí WhatsApp. Àwa la dáwó tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ̀kan nínú wa, àwa náà la kọ́ ilé ìyàgbẹ́ fún àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ lónìí. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì wà níbẹ̀. Àwọn Ìgbò tí wọ́n bí sí Mọ́kọ́lá, tí wọ́n gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ tèmi lọ, wà níbẹ̀. Nígbà tí APC fa Tinubu kalẹ̀ fún ìbò ààrẹ ní oṣù kẹfà 2022, tí Obi sì ti bọ́ sínú ẹgbẹ́ Labour, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí bírí. Ẹni tó bá ní Obi lòun fẹ́, wọ́n á ní ó ti ta ilẹ̀ baba rẹ̀. Ẹni tó bá ní Tinubu ni, wọ́n á ní alágbàdo ni, olè ni. Àwọn tó fẹ́ Atiku tilẹ̀ ń gba èébú lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí Tinubu mú Shettima tó jẹ́ Mùsùlùmí bíi tirẹ̀ ṣe igbákejì, ẹ̀sìn tí a kò fi ṣe nǹkan kan rí láàárín wa wá di ìjà.

INEC kéde èsì ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2023. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọkọ ọ̀kan nínú wa kú. Èmi ni mo gbé ìkéde rẹ̀ sínú ẹgbẹ́. Àwọn tó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá lórí fífọ́ lásán wọ́n á kọ àdúrà ojú ìwé kan, wọn ò sọ ohunkóhun. Mo wá tẹ ìkéde náà mọ́lẹ̀ kí n lè rí àwọn tó ti kà á. Orúkọ wọn tò lọ rẹrẹ. Gbogbo wọn ló ti kà á, ó sì ju ìdajì wọn lọ tí kò lè kọ “ẹ kú ara fẹ́ra kù” sí opó, nítorí ó ti sọ ẹni tó dìbò fún ní gbangba.

N kò tíì rí irú rẹ̀ rí láyé mi. Ta ni ó tún ti ṣẹlẹ̀ sí? Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ kàn sọ bó ṣe rí.

Mẹkáníìkì Muṣin

Ìyá, ẹ kú ìrora yẹn.

Muṣin ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ mọ́tò. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa á mọ̀ pé Ládípọ̀ ni ọjà wa, Ìgbò ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ta páàtì níbẹ̀. Ọkùnrin kan wà tí mo ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ó máa ń gbé odindi gíà fún mi láìgba kọ́bọ̀. Bí oníbàárà bá sanwó, mo máa ń mú un lọ fún un kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí ìwé láàárín wa, kò sí onígbọ̀wọ́.

Nínú ìbò ààrẹ, Obi fi ẹ̀yìn Tinubu balẹ̀ l'Ékòó: 582,454 sí 572,606. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ò pé 10,000. Láti ọjọ́ náà títí di 18 oṣù kẹta tí a dìbò gómìnà, fóònù àdúgbò wa ò sinmi. Wọ́n ní Ìgbò fẹ́ gba Èkó. Gbadebo Rhodes-Vivour ló ń du gómìnà lábẹ́ Labour. Ọmọ Èkó ni bàbá rẹ̀, Ìgbò ni ìyá rẹ̀. Àwọn kan pa Gbadebo tì, wọ́n ń pè é ní Chinedu tí í ṣe orúkọ rẹ̀ kejì, bí ẹni pé èébú ni.

Ní ọ̀sẹ̀ ìbò yẹn, mo lọ gba ṣáàfù lọ́wọ́ ọ̀gá yìí. Mo bá a tó ń palẹ̀ mọ́, ó ní òun fẹ́ kó àwọn ọmọ òun kúrò l'Ékòó. Ó na fóònù sí mi. Iná ń jó àwọn ṣọ́ọ̀bù nínú fídíò náà, àwọn èèyàn ń sá kíjokíjo, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé àná ni, pé Yorùbá ló ń jó ọjà Ìgbò. Mo ní kó tún un gbé. Mo rí i pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń sá ló wọ ìbòmú, irú èyí tí gbogbo wa lò nígbà Kòrónà. Obìnrin kan tilẹ̀ fà á sábẹ́ àgbọ̀n kí ó lè ráyè pariwo. Mo fi ìka tẹ ojú fóònù dúró níbẹ̀, mo ní, “Ọ̀gá, ta lẹ rí nínú ọjà yìí tó wọ ìbòmú lónìí?” Ó sún un mọ́jú, ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Àbúrò, òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti rí i. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní Nnewi ti rí i, wọ́n ń sunkún lórí fóònù. Ta ni kí n kọ́kọ́ pè?” Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ.

Ọ̀dọ̀ tiwa náà ò dákẹ́. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ àwa mẹkáníìkì pé kọ̀ntẹ́nà ìbọn ti wọ Ládípọ̀. Ọjà tí mo ń wọ̀ ní òwúrọ̀ tí mo ń wọ̀ nírọ̀lẹ́! Mo sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní wọ́n ti rà mí.

Ní ọjọ́ ìbò, wọ́n lu àwọn èèyàn ní ibùdó ìbò kan àti òmíràn l'Ékòó, wọ́n sì dá àwọn mìíràn padà nítorí pé ojú wọn jọ ti Ìgbò. Ìyẹn kì í ṣe àhesọ, àwọn tó wá ṣọ́ ìbò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀gá yìí padà wá lẹ́yìn ìbò. À ń kí ara wa dáadáa. Àmọ́ owó ọwọ́ ni mo fi ń rajà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí dòní. Kò sọ ìdí rẹ̀, èmi náà ò sì bi í.

Ibi tó ti wá dùn mí nìyí. Ní 29 oṣù karùn-ún, ọjọ́ tí ààrẹ tuntun búra, ó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí à ń rà ní nǹkan bí 190 náírà di 488 l'Ékòó kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ó di nǹkan bí 568 ní oṣù keje, ó sì kọjá 1,000 ní ọdún 2024. Ní oṣù kẹfà wọ́n tú okùn náírà sílẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 ní báńkì kọjá 1,500 kí ó tó pé ọdún, bẹ́ẹ̀ sì ni dọ́là ni wọ́n fi ń ra páàtì tòkunbọ̀ wọ̀lú. Àwọn oníbàárà mi gbé mọ́tò sílé. Mo jókòó lásán ní Muṣin, ọ̀gá mi jókòó lásán ní Ládípọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kó lè gbé páàtì fún mi láwìn kí n fi gba iṣẹ́, kí èmi náà fi iṣẹ́ ọwọ́ mi ta ọjà rẹ̀. Ohun tó so wá pọ̀ ti já kí ìyà tó dé.

Ọmọ Ìkẹjà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ti ń wá, nítorí mo fojú ara mi rí i.

Ní ìparí 2022 mo ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kékeré kan n'Íkẹjà. Kí a máa dá àwọn oníbàárà àwọn oníṣòwò lóhùn lórí Facebook àti Instagram niṣẹ́ wa. Nígbà tọ́dún yí, ọ̀gá gba iṣẹ́ olóṣèlú. Wọ́n pín fóònù àti SIM tuntun fún wa. Ọmọbìnrin tó jókòó lọ́tùn-ún mi, Ìjẹ̀bú paraku, ni wọ́n ní kó jẹ́ Ìgbò tó ń bú Yorùbá. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ tábìlì rẹ̀ tí wọ́n kọ àwọn ọ̀rọ̀ Ìgbò sí, kó lè máa fi wọ́n sínú èébú. Ọmọkùnrin tó wà lósì mi ló ń fi orúkọ Yorùbá dá a lóhùn. Wọ́n á bú ìyá bú baba ara wọn láti àárọ̀, títí àwọn tí kò mọ nǹkan kan á fi bọ́ sí i pẹ̀lú ìbínú tòótọ́. Ìyẹn ni ọ̀gá ń dúró dè. Tó bá di ọ̀sán, àwọn méjèèjì á jọ jáde lọ ra ẹ̀wà àti dòdò.

Mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò sì san owó oṣù mi. Ní oṣù kìíní 2023 yẹn náà, BBC gbé ìwádìí jáde pé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ń sanwó fún àwọn gbajúmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà láti tan irọ́ kálẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, kò yà mí lẹ́nu.

Kí ẹ má wá rò pé ìbò parí, ó parí. Láti oṣù keje 2023, X, tó ń jẹ́ Twitter tẹ́lẹ̀, náà ti ń pín owó fún díẹ̀ nínú àwọn tó ra àmì búlúù, bí àwọn èèyàn bá sì ṣe ń dá sí ọ̀rọ̀ wọn tó ni owó náà ṣe ń wọlé tó. Ẹni tó bá bú odindi ẹ̀yà kan ní àárọ̀ á rí ìdáhùn gbà títí alẹ́. Bí inú bá ti ń bí yín tí ẹ fẹ́ dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóhùn, ẹ rántí pé owó lẹ fẹ́ fún un.

Lọ́yà Òṣogbo

Mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́.

Ní oṣù kẹwàá 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS tí a fi ta ko ìwà ipá ọlọ́pàá, Twitter la fi rí ara wa. Níbẹ̀ la ti ń wá lọ́yà fún ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, níbẹ̀ la ti ń wá ọkọ̀ fún ẹni tó fara pa. Feminist Coalition, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan, gba owó ìrànwọ́, wọ́n sì ń ṣe ìṣirò rẹ̀ ní gbangba. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ẹ̀yà mi. Ẹ̀yìn tí wọ́n yìnbọn ní Lẹkkí ní 20 oṣù kẹwàá, tí iná sì ràn káàkiri Èkó, ni ọ̀rọ̀ “Ìgbò ló wá ba Èkó jẹ́” gbòde. Ní oṣù kẹfà 2021, ìjọba ti Twitter pa títí di oṣù kìíní 2022. Nítorí náà, kì í ṣe fóònù ló dá ìpinyà sílẹ̀. Ìṣọ̀kan wà níbẹ̀ rí, àwọn kan ni kò rọ̀ lọ́rùn.

Ẹ má sì jẹ́ ká fi ẹni tí wọ́n lù ní ibùdó ìbò wé ẹni tí wọ́n bú lórí fóònù. “Ẹ jẹ́ kí àlàáfíà jọba” tí wọ́n ń kọ sínú àwọn ẹgbẹ́ wa, ẹnu ẹni tí wọ́n lù ni wọ́n fi ń pa.

Ìyá Tíṣà, Ìbàdàn

Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ, n kò sì ní jiyàn. Kí ẹni tí wọ́n lù pariwo. Opó tí mo sọ yẹn, ta ló lù?

Agùnbánirọ̀ àná

Mo bá INEC ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní 2023 nígbà tí mo ń sin ilẹ̀ baba. Ní 25 oṣù kejì, àwọn ọ̀dọ́ dúró tì wá títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n tan iná fóònù sórí tábìlì kí a lè rí ìwé ìbò kà. Èsì ti àwọn aṣòfin lọ sórí IReV, ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì tí INEC ń kó èsì ìbò sí, ti ààrẹ kọ̀, kò lọ. INEC ní ìṣòro ẹ̀rọ ni. Ọmọkùnrin kan tó ti ń ra omi fún wa láti àárọ̀ wò mí lójú, ó ní, “Àǹtí, ṣé ẹ̀yin náà wà lára wọn?”

Nígbà tí mo délé tí mo ṣí Facebook, apá kan ní gbogbo agùnbánirọ̀ ló ti gbowó, apá kejì ní ẹni tó bá ń béèrè èsì fẹ́ dá ogun sílẹ̀. Lọ́jọ́ ìbò gómìnà, ibùdó kan náà ni mo wà, àwọn àgbàlagbà ló kù. Mo wojú ọ̀nà títí, ọmọkùnrin yẹn ò wá. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 93 lọ́dún yẹn, kò tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá wọn tó dìbò ààrẹ.

Atọ́jú-arúgbó, Middlesbrough

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Òyìnbó ni mo wà, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú.

Ní 29 oṣù keje 2024, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ọ̀bẹ pa àwọn ọmọbìnrin kéékèèké mẹ́ta ní Southport. Kí ilẹ̀ tó mọ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ní Mùsùlùmí tó fi ọkọ̀ ojú omi wọ̀lú ni. Irọ́ ni: Cardiff ni wọ́n bí i sí. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kejì, wọ́n kọlu mọ́sáláṣí níbẹ̀. Ọjọ́ Àìkú 4 oṣù kẹjọ ni rúkèrúdò náà dé ìlú wa. Wọ́n fọ́ fèrèsé ilé onílé, wọ́n dá mọ́tò dúró lójú pópó, wọ́n ń bi awakọ̀ bóyá òyìnbó ni. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ní. Mo wọ aṣọ iṣẹ́ tán, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Fóònù mi dún. Àbúrò bàbá mi l'Ékòó ló fi nǹkan sínú ẹgbẹ́ ẹbí: ìkéde tó gbòde nígbà náà pé kí gbogbo Yorùbá múra, ìwọ́de “Igbo Must Go” á bẹ̀rẹ̀ ní 20 oṣù kẹjọ. Ìjọba Èkó ti sọ pé àwọn ò mọ̀ sí i, àmọ́ ìyẹn ò dí wọn lọ́wọ́. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn. Mo ní, “Dádì, ẹ gbọ́ ariwo yẹn? Ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ síbí làwọn yẹn ń pariwo sí mi.” Wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gbàdúrà fún mi, àdúrà gígùn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò. Wọ́n ní tiwa yàtọ̀.

Alábòójútó, Agége

Mo ti ka tiyín tán. Èmi ni mò ń ṣàkóso ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé àdúgbò wa lórí WhatsApp. A ti ṣòfin báyìí: ẹni tó bá gbé fídíò wá, kó sọ ibi tí wọ́n ti yà á, ọjọ́ tí wọ́n yà á àti ẹni tó fi ránṣẹ́ sí i. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, mò ń yọ ọ́ kúrò, ì báà jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣèlú tí èmi fẹ́. Àwọn kan ti bínú jáde, wọ́n sì ti dá tiwọn sílẹ̀. Àwọn ohùn ló wá ń yọ mí lẹ́nu, nítorí ohùn ò ní ojú tí èèyàn fi lè dá a mọ̀. Ìbò 2027 sì ti ń kanlẹ̀kùn. Ẹni tó bá ti rí ọ̀nà tó gbà ń mú ti ohùn, kó jọ̀wọ́ kọ ọ́ síbí.