Krüppel àti Castor dàpọ̀ mọ́ra nínú ẹyin kantíkantí: kí la lè ṣe sí ooru Àkúrẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń sin kantíkantí Drosophila.

Àwọn pirotéènì tó ń tan jíìnì tó sì ń pa á là ń wò nínú NB7-1, sẹ́ẹ̀lì ìyá tó ń bí àwọn sẹ́ẹ̀lì nọ́ọ̀fù U1 sí U5 tó ń mú iṣan ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn: Hunchback ló ń darí U1 àti U2, Krüppel U3, Pdm U4, Pdm àti Castor papọ̀ U5. Ṣùgbọ́n nínú àwo kan náà, ẹyin kan ṣì wà ní Krüppel, èkejì ti dé Castor.

Wákàtí 2 la fi ń gba ẹyin. A ń fi bleach tí a fi omi là sí ìdajì bó èèpo rẹ̀, ìṣẹ́jú 3. Formaldehyde 4% pẹ̀lú heptane, ìṣẹ́jú 20, kí ẹyin lè dúró bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà methanol, ká gbọ̀n ọ́n dáadáa. Èyí tí kò bá rì, awọ inú rẹ̀ kò tíì bọ́, antibody (èyí tó ń lẹ̀ mọ́ pirotéènì kí a lè rí i) kò ní wọlé. A ń dà á nù ni.

Lójú tèmi, antibody kọ́ ló fà á. Bí iná bá lọ, yàrá a gbóná kọjá 25°C, ẹyin a sì dàgbà yára ju aago wa lọ. Abo tó di ẹyin sínú náà a máa yé èyí tó ti dàgbà díẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń da ti wákàtí àkọ́kọ́ nù.

Ṣé ká gba ẹyin fún ìṣẹ́jú 30 péré, àbí ká pa aago tì, ká máa fi ìrísí ẹyin mọ ọjọ́ orí rẹ̀? Ta ló ti fi kúlà àti ìgò omi mú ooru dúró ní 25°C fún wákàtí 7 láìsí iná? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ iye omi náà àti bí kúlà ṣe tóbi tó.