Lórí «ìdílọ́wọ́ ìgbì» àti «ìyàtọ̀ ìgbà»: èmi ò fara mọ́ ọn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Nínú ìjíròrò wa lórí bí a ṣe máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ físíìsì sí Yorùbá, ẹni tó dábàá pé ká máa pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìgbì méjì bá pàdé («interference» lédè Gẹ̀ẹ́sì) ní «ìdílọ́wọ́ ìgbì» gbìyànjú, mo kí i. Ṣùgbọ́n ta ló dí ta lọ́wọ́? Ìgbì méjì tó pàdé á gba inú ara wọn kọjá, kálukú á sì máa bá tirẹ̀ lọ bí ẹni tí kò rí nǹkan kan lọ́nà. Ibi ìpàdé yẹn nìkan ni gíga wọn ti ń ro pọ̀. Bí téńté bá bọ́ sórí téńté, omi á ga sí i. Bí téńté bá bọ́ sínú kòtò, omi á tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ẹ wo Thomas Young fúnra rẹ̀, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó fi hàn pé ìgbì ni ìmọ́lẹ̀. Ní 1803, ó ròyìn pé òun fi páálí tín-ín-rín kan, tó fẹ̀ tó bí ìdá kan nínú 30 íǹṣì, la ìtànṣán oòrùn sí méjì, ilà-ilà sì yọ nínú òjìji páálí náà. Nígbà tó wá dí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá, àwọn ilà inú òjìji pòórá. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ìgbà tí ìdílọ́wọ́ dé gan-an ni ohun tí a fẹ́ sọ lórúkọ bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀! «Ìdàpọ̀ ìgbì» ló tọ́. Ilà-ilà tó ti ibẹ̀ jáde ni kí a pè ní «àdàpọ̀». Ẹni tó bá ní ọ̀kan náà ni ì- àti à-, kó fi ìfikún wé àfikún kó tó dá mi lóhùn.

Èyí tó bí mi nínú jù ni «ìyàtọ̀ ìgbà» tí wọ́n fi túmọ̀ «phase difference», ìyẹn bí ìgbì kan ṣe ṣáájú èkejì nínú ìyípo rẹ̀. Ẹ gbé sípíkà méjì kalẹ̀, kí wọ́n jọ máa dún ohùn kan náà tó ń gbọ̀n nígbà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn ń rìn tó bí 340 mítà nínú afẹ́fẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà, torí náà gígùn ìgbì kan jẹ́ mítà 1. Ẹ dúró síbi tí sípíkà kan ti fi ìdajì mítà jìnnà sí yín ju èkejì lọ: ohùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ìdajì ìyípo ìgbì kan nìyẹn, 180 díígírì nínú 360. Ẹ sún síbi tí ìyàtọ̀ ọ̀nà ti pé mítà kan, ohùn á tún bú jáde. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ti ẹ̀yìn yìí ló pẹ́ jù kó tó dé! Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbà ni, ibẹ̀ ló yẹ kó ti burú jù. Ibi tí ẹsẹ̀ ìgbì kọ̀ọ̀kan dé nínú ìyípo rẹ̀ ni à ń wò, torí náà «ìyàtọ̀ ìṣísẹ̀» ni mo fara mọ́. Bó bá jẹ́ 120 díígírì, gíga àpapọ̀ wọn kò ní ju ti ẹyọ kan lọ.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká sọ pé ìgbì méjèèjì «pa ara wọn». Rárá o. Agbára kì í ṣègbé. Níbi tí ìṣísẹ̀ wọn bá ti ṣe déédéé, gíga á di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin. Èyí tó dín níbi tó dákẹ́ ló kún un. Ẹ̀gbọ́n dáhùn pé òun ti ń kọ́ni ní físíìsì kí n tó mọ̀wé kà, pé bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Mo dọ̀bálẹ̀, sà. Àkísà yín pọ̀ lóòótọ́, ẹ má ṣáà fi wọ ìgbì. Olùkọ́ tó kọ́ mi ní gírámà, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kì í jẹ́ ká sọ nǹkan lórúkọ láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣe.

Ẹni tó tún ń kọ «ìgbi», tó fi ohùn àárín parí rẹ̀, ìsàlẹ̀ méjèèjì ni mo gbọ́ lẹ́nu ìyá mi. Ẹ mú ẹ̀rí tiyín wá.