Màmá ní omi sísè kì í pa òùngbẹ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Kubwa, ní Àbújá, ni mò ń gbé. Ìyá ọkọ mi wá bá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ lóṣù tó kọjá. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ẹ má rò pé ẹjọ́ wọn ni mo wá rò. Ọ̀rọ̀ omi ló fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Bọhóòlù ilé wa bàjẹ́, ọwọ́ mẹ́rúwà la ti ń ra omi kẹ́ẹ̀gì, mo sì máa ń sè é ká tó mu ún. Màmá ní omi tó ti la iná kọjá kì í pa òùngbẹ. Wọ́n ra àmù, wọ́n ń da omi mẹ́rúwà sí i, wọ́n ń fi álọ́ọ̀mù sí i. Kí n má parọ́, ó máa ń mọ́ gaara. Àmọ́ ọmọ mi, ọmọ ọdún méjì, ti ya ìgbẹ́ gbuuru lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù kan. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Màmá á ní, "Omi àmù ni mo fi tọ́ ọkọ ẹ dàgbà." Ọkọ mi á gbé fóònù ẹ̀ jáde síta. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí kò ní dìjà?

Ìyá Ìbejì: Ẹni tó gbé fóònù jáde yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ìyá ẹ̀ ni.

Bọ̀dá Nyanya: Piọ́ wọ́tà nìkan ni kẹ́ ẹ máa rà. Ó parí.

Ìyá Ìbejì: Èyí tó ti sun ojú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀? Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC ara ẹ̀ o, kẹ́ ẹ sì tún fọ ọ̀rá ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi ẹnu já a.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò: Ẹrẹ̀ ni álọ́ọ̀mù ń kó lọ sísàlẹ̀, kì í pa kòkòrò. Omi lè mọ́ bíi dígí kí àìsàn wà nínú ẹ̀. Nígbà tí onígbáméjì jà lọ́dún 2021, èèyàn tó lé ní 3,000 ló kú ní Nàìjíríà, apá Àríwá ló sì pọ̀ sí jù. Ẹ jẹ́ kí omi hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 1, ó tó. Bí ìgbẹ́ ọmọ bá tún dé, ẹ po ṣúgà síbí kékeré 6 àti iyọ̀ ìdajì síbí kékeré, tí ẹ gé orí wọn pẹrẹsẹ, mọ́ omi mímọ́ lítà 1, kẹ́ ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ béèrè oògùn zinc náà, ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n ń lò ó. Bí ojú ẹ̀ bá jìn wọnú, tí kò lè mu nǹkan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, ẹ gbé e lọ ọsibítù kíá. Ìbéèrè mi: kí lẹ fi ń bu omi inú àmù yẹn?

Olùbéèrè: Kọ́ọ̀bù kan báyìí. Gbogbo wa là ń kì í bọ̀ ọ́, àtọmọ àtàgbà.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò: Ẹ ò rí i bí? Kódà omi tẹ́ ẹ sè, ọwọ́ á tún bà á jẹ́ nínú ẹ̀.

Bàbá Gwagwalada: Ọmọ mi, má lé àmù jáde, ìtura Màmá ni. Se omi, jẹ́ kó tutù, kó o wá dà á sínú ẹ̀. Àwọn Háúsá níbí ní ìkòkò tí wọ́n ń pè ní túlù. Ọrùn ẹ̀ tóóró, kọ́ọ̀bù ò lè wọ̀ ọ́, ṣe ni wọ́n ń da omi inú ẹ̀. Ra ọ̀kan, sọ pé ẹ̀bùn ni. Ìyá wo ló ń kọ ẹ̀bùn?

Olùbéèrè: Bàbá, ẹ ṣé gan-an! Mo ti ra túlù ní ọjà. Màmá mu omi inú ẹ̀ láàárọ̀ yìí, wọ́n ní, "Ẹ ò rí i, omi gidi nìyí." Mi ò tíì sọ fún wọn pé mo sè é.

Ìyá Ìbejì: Má sọ ọ́ o! 😂

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò: Ẹ sọ ọ́ o. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lọ síbi iṣẹ́, ta ló máa sè é?